Bí Abúlé Etí Ọ̀sà Ṣe Wọ Inú Máàpù

Wolé-wolé ni mí, gbogbo Àgbádárìgì ló sì fi í mọ̀ mí. Tí mo bá ti yọ láti Mowo báyìí, àwọn ìyá á ti máa bo ìkòkò omi, wọ́n á máa gbá ìdí àmù. Kì í ṣe pé mo burú o, ẹnu mi ló mú díẹ̀. Nígbà tó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì, wọ́n gbé ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní iṣẹ́ ti yí padà. Wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan máa ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú máàpù orí ẹ̀rọ. Bí àìsàn bá dé, kí ẹni tó pè ṣáà ka nọ́ńbà ara ilé rẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn á tọ nọ́ńbà náà wá láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà kò le. Wàá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé, wàá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á mọ ibi tí o wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni á wá bi ọ́ pé ta ló nilé, ẹni mélòó ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà wọlé. Mo ṣe àwọn ilé Ìbèrèkó tán, mo ṣe ti Kankon, ọwọ́ mi sì yá ju ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Bí ìgbéraga ṣe wọ̀ mí lẹ́wù nìyẹn.

Abúlé kan létí ọ̀sà, níbi tí àwọn Ògù apẹja, tí a ń pè ní Ègùn, ń gbé, ni mo ti ṣìṣe. Ọmọ oníṣòwò láàárín ìlú ni mí, èmi àti omi ò rẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ lọ síbẹ̀, èmi gba ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín igi àgbọn. Ẹ̀yìn ilé wọn ni ọ̀nà yẹn já sí, lẹ́bàá ilé ìdáná. Ìyá Máwùtín, ìyàwó apẹja kan, ń yan ẹja lọ́wọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí Wolé-wolé, ẹ̀yìnkùlé lẹ dúró sí o. Omi ni ojú ilé wa."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wò wá láti òkè ò mọ ojú ilé yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè ọ̀nà àbáwọlé, "títì" ni mo kọ sí gbogbo ilé abúlé náà.

Àfi bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́jọ́ kan tí èémí há mọ́ ọkọ Ìyá Máwùtín láyà. Wọ́n pè, wọ́n ka nọ́ńbà. Ẹ̀rọ rí "títì", ó rán mọ́tò dípò ọkọ̀ ojú omi, mọ́tò sì rì sínú ẹrẹ̀ láàárín igi àgbọn. Àwọn ọmọ bàbá ló fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ gbé bàbá wọn kọjá ọ̀sà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́, ọ́fíìsì ni mo gbà lọ.

Ọ̀gá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ẹ̀rọ bí ẹní mowó, ní abúlé náà ló ń da máàpù rú. Ó ní kí a yọ ọ́ kúrò, torí pé ọjọ́ Ẹtì ni a gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́. Bí wọ́n bá yọ abúlé náà, omi lásán ni máàpù á máa fi hàn níbẹ̀. Bí èémí bàbá bá tún há, wọn ò ní rí ẹni rán.

Mo ní, "Ọ̀gá, abúlé ò jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ títì."

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ ò gba ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lórí omi."

"Ẹ tún ẹ̀rọ ṣe nígbà náà."

Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ Ìyá Máwùtín pé kó forí jì mí, kó sì fi ọkọ̀ gbé mi. Mo di etí ọkọ̀ mú gírígírí, gbogbo súrà tí mo mọ̀ ni mo kà tán. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé "kpẹ̀ví kpẹ̀ví", bí àwọn Ògù ṣe ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa lọ. A dé èbúté àkọ́kọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀, ó ní inú omi ni mo wà, kò sí ilé níbẹ̀.

Ìyá Máwùtín wá na ọwọ́ sí òpó kan nínú omi. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní òpó tirẹ̀ tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, wọ́n sì gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́nà tiwọn. Ó ní, "Ilé lè wó, ká tún un kọ́ síbòmíràn. Òpó ò kúrò. Òun la fi ń júwe ara wa."

Mo pe ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó fi àyè èbúté sínú fọ́ọ̀mù inú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ gba òpó gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ kùn, ó wá béèrè bóyá gbogbo ilé ló ní òpó. Mo ní gbogbo wọn pátá. A jẹ ẹja yíyan tán, a ṣì ń dúró. Ìgbà tó ṣe, ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé! Igbe tí mo ké lé àwọn lékeléke dìde. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń lọ láti òpó dé òpó, tí à ń kan pátákó nọ́ńbà mọ́ wọn. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, èmi tí mò ń bẹ̀rù omi ti ń nàró nínú ọkọ̀. Lónìí, gbogbo abúlé etí ọ̀sà tí wọ́n ń kọ sínú máàpù ló ní àyè èbúté nínú fọ́ọ̀mù.

Ó ku oṣù kan kí n fẹ̀yìn tì, mo lọ wo àwọn pátákó náà, ni èémí bàbá bá tún há lọ́sàn-án gangan. Ìyá Máwùtín pè, ó ka nọ́ńbà láìwo pátákó. A dúró sí èbúté. Àyà mi ń já ju tirẹ̀ lọ, torí mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá tún ṣì wọ́n lọ́nà, ọwọ́ mi ló ti wá. Ọkọ̀ yọ lókèèrè. Ó kọjá èbúté kìíní, ó kọjá ìkejì, ó wá tààrà sí òpó tiwa. Wọ́n fi ohun èlò atẹ́gùn bo bàbá nímú, èémí rẹ̀ sì ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo bi awakọ̀ bóyá ó ti wá síbí rí.

Ó ní, "Rárá o, Mà. Nọ́ńbà ara òpó yìí ni mo tẹ̀ lé."

Mo jókòó sórí pákó èbúté, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé, ojú ò sì tì mí. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ọkọ̀ ti ń gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti dá jókòó, ó ń juwọ́ sí wa.