Èkó Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀rọ

Ní ilé wa ní Iléṣà, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ìbejì kú. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, a ó ní ó lọ sí Èkó. Wọ́n ní bí a bá fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́, èyí tó kù yóò fẹ́ tẹ̀ lé e.

Èkejì mi lọ sí Èkó nígbà òjò tó kọjá. Àádọ́rin ọdún ó lé la jọ lò láyé. Wọn kò jẹ́ kí n sunkún. Àwọn aládùúgbò, tí mo mọ orúkọ gbogbo wọn àti orúkọ ìyá wọn, bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á kí mi kú ilé, wọ́n á wo àga rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ òjò.

Ìwé mẹ́fà la kà. Àwa méjèèjì la jọ fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba títí a fi fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà náà, akápò tó ń san owó ìfẹ̀yìntì á gbé tábìlì síta lóṣooṣù, ojú ni yóò fi mọ̀ wá. Ó mọ̀ pé èmi ni mo ní àpá iná lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nídìí tábìlì yẹn kan náà ni àwọn tí kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ rí ti ń gba owó, tí orúkọ òkú ń gba owó, tí àwa arúgbó sì ń tò sínú oòrùn títí àwọn kan fi ń dákú. Nígbà tí ìjọba wá ní ẹ̀rọ ni yóò máa mọ ojú wa, tí owó yóò sì máa wọ báńkì fúnra rẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ṣì ń dúpẹ́.

Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán ojú wa, ẹsẹ̀ ń dùn mí, èkejì mi nìkan ló lọ. Lọ́dún yìí wọ́n ní ẹni tí kò bá yà á kí oṣù tó parí, owó rẹ̀ yóò dúró. Owó náà ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Fìà.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní kí n wo kámẹ́rà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ ti ya èyí lọ́dún tó kọjá. Orúkọ míì lẹ fi yà á.”

“Èmi kọ́. Èkejì mi ni.”

“Áà, ìbejì! Ẹ̀rọ yìí rò pé ẹnì kan ló fẹ́ gba owó méjì ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà wá jókòó tì yín, màá ya yín pọ̀, ó parí.”

“Ó lọ sí Èkó.”

“Kò burú. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?”

Mo tún gèlè mi so.

“Ẹ fóònù wọn, mà, kí wọ́n yà á láti ọ̀hún. Fóònù lè ṣe é.”

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń wo ara wọn. Bàbá arúgbó kan, ọmọ Òṣogbo, tó ń ka tẹ̀súbáà, ló gbẹnu sí i.

“Ìwọ ọmọ yìí, Èkó tí wọ́n ń wí yẹn kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ọmọbìnrin náà wò mí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó yí tábìlì po, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

“Ẹ dákun, mà, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì péré ni ẹ̀rọ yìí ń bi wá: ó wà láàyè, àbí ó ti kú. Kò sí Èkó níbẹ̀.”

“Ṣáà tẹ èyí tó bá yẹ.”

“N kò lè tẹ ohun tí ẹbí kò sọ fún mi, mà. Wọ́n ti lé ẹnì kan lọ níbí torí pé ó pa bàbá tó wà láàyè sínú kọ̀ǹpútà. Àfi kí ẹ sọ ọ́, kí orúkọ tiyín tó lè ṣí.”

“Ọmọ mi, bí mo bá sọ ọ́, èmi ló kàn.”

“Ìyá,” ni bàbá yẹn wí, kò fi ṣe àwàdà mọ́, “bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ̀rọ á ka ẹ̀yin náà mọ́ òkú.”

Mo di tábìlì mú. Òun ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wa. Wọ́n ní èmi ni mo rán an kó lọ tọ́ ayé wò fún mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣáájú mi lọ síbi gbogbo.

“Ó kú,” ni mo wí. “Èkejì mi kú.”

Ohùn mi ròkè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Bàbá náà ní, “Ìnnà lílláhì.” Ó ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ìyá.” Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wí i, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn náà wí i, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, látẹnu àwọn tí n kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Láti ìgbà òjò, ẹnikẹ́ni kò tíì kí mi bẹ́ẹ̀. Ta ni ìbá báni kẹ́dùn nítorí ẹni tó lọ sí Èkó?

Mo jókòó, mo sunkún. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo kámẹ́rà, ó ní kí n má kánjú, ẹ̀rọ lè dúró.