Ẹ̀rọ Orin Ẹlẹ́nu Méjì

Òmìnira ku díẹ̀ kí ó dé nígbà tí iná ẹlẹ́tíríìkì wọ ilé tí a ń gbé ní Agége. Láti ìgbà náà ni bàbá àwọn ọmọ mi kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin lọ. Fítà tí ń tú ẹ̀rọ tò ni wọ́n ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, níbi tí ariwo irin kì í ti í dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹni tí irin bá ń pariwo mọ́ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ó ní ohun tí yóò máa tù ú lára bí ó bá délé. Èmi kò jiyàn. Tíṣà ni mí, mo sì fẹ́ràn orin púpọ̀. Ọmọbìnrin wa àgbà ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kò tíì tó ilé-ìwé lọ nígbà tí èéyi ṣe é. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọyún ń jáde ní etí òsì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí ó sì gbẹ, etí náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo dán an wò dáadáa. Mo fi ìka dí etí ọ̀tún, mo pè é láti ẹ̀yìn, kò yíjú. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé kí ó fi í síwájú ní apá òsì kíláàsì, kí etí ọ̀tún lè kọjú sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọdá ojú irin, bí mo ṣe máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú kì í jẹ́ kó gbádùn. "Màámi, ẹ ti ń fún ọwọ́ mi jù," ni yóò máa wí.

Ọkùnrin kan tí ó ń tún rédíò ṣe nítòsí ibùdó rélùwéè ni a lọ bá. Ẹ̀rọ méjì péré ni apá wa ká nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tuntun ni èkíní: rédíò àti ibi tí a ń gbé àwo orin lé wà nínú àpótí kan, ẹnu kan ni ohùn sì ń gbà jáde. Òyìnbó kan tí ó ń padà sílé ni ó fi èkejì sílẹ̀ fún un pé kí ó bá òun tà. Ìyẹn ní àpótí ńlá tí ẹnu kan wà lára rẹ̀, ó tún ní àpótí kékeré lọ́tọ̀, tí ẹnu kejì wà nínú rẹ̀, wáyà gígùn ni ó sì so ó mọ́ ti ńlá. Nítorí pé wọ́n ti lò ó, iye tí ó pe èkíní ni ó pe òun náà, ó sì fi àwo òyìnbó méjì kún un.

Mo bi í pé kí ni ẹnu méjì wà fún.

"Ìyá, etí mélòó ni Ọlọ́run fún yín?"

"Ẹ dáhùn ohun tí mo bi yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti pín orin náà sí méjì láti ilẹ̀ òyìnbó wá ni. Apá kan á gba ibí jáde, apá kejì á gba ọ̀hún. Bí ẹ bá jókòó sáàárín, á dà bíi pé àwọn olórin wà nínú pálọ̀ yín. Ẹ kàn má gbàgbé àtifún wọn lóúnjẹ."

Bàbá àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rín. Bí wọ́n bá pín orin sí méjì fún etí méjì, kí ni yóò kan ọmọ tí ó ní ẹyọ kan? Gbogbo wa yóò jókòó, a ó máa gbádùn, òun yóò máa gbọ́ ìdajì, kò sì ní mọ̀ pé ìdajì ni. Mo fa bàbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Tíṣà," ni wọ́n wí. Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn bí wọn kò bá fẹ́ ìjà. "Ẹnu méjì ni èmi àti ìwọ ní láàárín ara wa, ọmọ yẹn sì ń gbọ́ ti àwa méjèèjì. Èyí tí a kò bá a sọ gan-an, ó ń gbọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ ká ra ẹlẹ́nu kan."

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ẹlẹ́nu méjì yìí lọ. Bí ọmọ kò bá gbọ́ ọ dáadáa, màá fi pààrọ̀ ẹlẹ́nu kan."

Ọlọ́jà náà gbà fún wa pé kí a dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá wo bàbá wọn láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fítà, ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò o."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni a gbé e kalẹ̀. Bàbá onílé wa, Mùsùlùmí àgbàlagbà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń jókòó sí fàráńdà bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán. Nínú ilé tiwa, kò sí ẹni tí yóò máa gbádùn nǹkan nínú yàrá kí àgbà máa wò ó láti ìta; bí ẹni ti ilẹ̀kùn jẹun ni. Bí bàbá àwọn ọmọ ṣe rí i pé wáyà náà gùn, wọ́n gbé àpótí kékeré gba ojú fèrèsé, wọ́n sì kọ ẹnu rẹ̀ sí fàráńdà. "Bàbá gbọ́dọ̀ ní tiwọn," ni wọ́n wí. Kò sí ẹni tí ó ta kò ó. Lójú gbogbo wa, bí ìgbà tí a bu ọbẹ̀ sí abọ́ méjì ló rí: abọ́ kan fún àwọn tó wà nínú ilé, èkejì fún àwọn ti ìta.

Wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwo òyìnbó náà lé e. Èmi àti Ìyá onílé wà nínú pálọ̀, a ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó kọ ọ́ díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún kọ ọ́ díẹ̀, ó tún dákẹ́.

"Ṣé ó ń sinmi ni?" Ìyá onílé bi mí.

Ohùn Bàbá onílé wọlé láti fàráńdà. "Fítà, fèrè yìí dùn o. Akọrin dà?"

"Ó wà níbí, Bàbá," ni bàbá àwọn ọmọ dáhùn.

"Kí ló ń ṣe ní yàrá oníyàrá? Ẹ ní kó máa bọ̀ níta."

Ìyá onílé dá wọn lóhùn. "Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dá fèrè wa padà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀. Bí àwọn tí etí wọn pé méjì bá lè jókòó kí wọ́n máa gbọ́ ìdajì, kí ni kí n máa retí fún ọmọ mi? Mo wá a nínú pálọ̀, kò sí níbẹ̀. Mo yọjú sí fàráńdà, kò sí lẹ́bàá Bàbá onílé. Orí ìloro ẹnu ọ̀nà, láàárín pálọ̀ àti fàráńdà, ni mo ti bá a, ó fi ẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, ó sì ranjú bí ẹni tí ń wo ìran.

"Dìde níbẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá."

"Màámi, ibí ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀."

"Àwọn wo?"

"Obìnrin yẹn àti fèrè. Bó bá ti sọ tirẹ̀ tán, fèrè á dá a lóhùn. Ẹ gbọ́."

Mo lóṣòó tì í. Òótọ́ ni. Kí n má baà tan ara mi jẹ, mo fi ìka dí etí òsì mi pinpin. Obìnrin náà kọrin láti inú ilé, fèrè dáhùn láti ìta, méjèèjì sì gba etí ọ̀tún wọlé, ọ̀rọ̀ kan kò já. Bí ẹnì kan bá fi aṣọ bò mí lójú, n kò ní lè sọ èyí tó ti ilé wá àti èyí tó ti ìta wá. Ìyẹn nìkan ni mo pàdánù. Mo yọ ìka, mo tún fi dí i.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbọ́ orin."

A kò lè ní kí Bàbá onílé wá jókòó ní pálọ̀ ọmọdé, nítorí náà àpótí ńlá ni a gbé jáde. A fi ọ̀kan sí ìgun fàráńdà níhìn-ín, a fi èkejì sí ìgun ọ̀hún, gbogbo ilé sì bọ́ sáàárín. Nígbà tí obìnrin náà ké, Bàbá onílé mi orí. "Ó ti jáde wá," ni wọ́n wí.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò náà kò tíì pé nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin yìí ní ẹ̀yìnkùlé ní àárọ̀ kan, níbi tí ó ti ń fọ àwo. Ó ń kọ ti obìnrin náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe Yorùbá. Nígbà tí ó dé ibi tí obìnrin náà ti máa ń dákẹ́, òun kò dákẹ́. Ó sún ètè jọ, ó fi ẹnu fọn ti fèrè, gbogbo rẹ̀, ibi tí ó ti lọ sókè àti ibi tí ó ti yí padà. Mo dúró sójú fèrèsé, n kò jẹ́ kí ó rí mi. Bàbá wọn dé ẹ̀yìn mi, wọ́n ń de bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ wọn.

"Tíṣà, ṣé ká gbé e padà fún ọlọ́jà?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dákẹ́, fèrè ló kàn.