Okùn Tí Mi Ò Rántí Pé Mo So

Sikáfóòlù ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń fi okùn so ọparun pọ̀, tí mo ń tẹ́ pákó lé e, kí àwọn bíríkìlà lè rí ibi dúró sí lókè. Lọ́dún kan, pákó dá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo já bọ́. Egungun mi jinná, ṣùgbọ́n oorun ò padà wá. Bí mo bá ti dijú, màá tún máa já bọ́ ni.

Dókítà kan ní Ajah kọ oògùn oorun fún mi. Ó kìlọ̀: "Bàbá Ṣọlá, ẹ gbọ́dọ̀ ní odidi wákàtí méje tàbí mẹ́jọ tí ẹ ó fi sùn kí ẹ tó lò ó."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, mo dúró de oorun títí, kò wá. Nígbà tó ku wákàtí mẹ́ta kí n jáde nílé, mo gbé ẹyọ kan mì.

Ọ̀gá Múfú, fóòmáànù wa, kí mi lẹ́nu ọ̀nà sáìtì ní Ìkàtẹ́: "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́," ni mo dáhùn, bí gbogbo ayé ṣe máa ń dáhùn.

Ohun tí mo tún rántí ni pé mo jókòó sórí òkìtì yanrìn, oòrùn ti ga. Làmídì, bíríkìlà wa, ń gun ọparun tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta ló so ìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà ni? Ẹ tiẹ̀ ń kọrin sí i. Ohùn yín ò dáa ṣá!"

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Àpá okùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rántí nǹkan kan.

"Làmídì, sọ̀kalẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí n rẹ́ òkè yìí ná, Bàbá, sìmẹ́ńtì mi á gan."

"Mo ní kí o sọ̀kalẹ̀! Oògùn oorun ni mo lò. Mi ò mọ bí mo ṣe so ó!"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Làmídì. Ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó délẹ̀, Ọ̀gá Múfú gbé àkàbà, ó gùn ún, ó ń fa àwọn okùn náà wò. Ìkíní le. Ìkejì le. Èyí tó di pákó mú, pákó tí Làmídì fẹ́ dúró lé, tú sí i lọ́wọ́ bí okùn bàtà.

Ọ̀gá Múfú kọjú sí mi. "Ṣebí mo bi yín láàárọ̀?"

Wọn ò lé mi. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo jẹ́wọ́, ó ní oògùn tí kò tíì tán lára mi ni kò jẹ́ kí n rántí, kí n pa á tì, ká wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ọjọ́ tí mi ò bá sùn, màá sọ ọ́ jáde pé mi ò sùn, ilẹ̀ ni màá sì jókòó sí lọ́jọ́ náà, màá máa gé okùn fún ẹlòmíì. Títí di òní, kí Làmídì tó gbé ẹsẹ̀ lé ọparun, á kọ́kọ́ bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Á sì dúró gbọ́ ohun tí mo bá sọ.