Àlàárì Tó Kọ̀ Tí Kò Pọ́n

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ládòkun ní Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ àlàárì Ọlágòkè ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú wá, ẹ̀rín a sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ahunṣọ ni Ládòkun, ó sì tún ń fi àpótí òyìnbó ya àwòrán. Ọlágòkè ní tirẹ̀ ń ta màlúù, olówó ni, ó sì dá a lójú pé kò sí ohun tó yẹ kí ojú ayé máa wò tó òun. Ó ní kí Ládòkun hun àlàárì fún òun, aṣọ pupa tó ń dán yẹn, kó sì ya òun nínú rẹ̀. Ládòkun hun ún, ó sì yà á. Nígbà tí àwòrán máa jáde, àlàárì ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọlágòkè wo ìwé àwòrán náà lọ, ó wò ó bọ̀. Ó béèrè ẹni tó kú tí òun fi wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ládòkun ní kò sẹ́ni tó kú, pé àpótí àwòrán ni kò mọ pupa, ibi tí wọ́n ti kàn án, bóyá wọn kì í wọ àlàárì níbẹ̀.

Ọlágòkè ní, “Ìwọ lo hun aṣọ, ìwọ náà lo ya àwòrán. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló parọ́ fún mi?”

Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀bẹ̀. Ládòkun kì í bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tó bá rò pé òun lè tún ṣe. Ó gbé àwòrán wọlé, ó bu òsùn tí Àpọ́nlé ìyàwó rẹ̀ lọ̀ sílẹ̀, ó fi ìyẹ́ adìẹ kùn ún sára aṣọ inú àwòrán. Òsùn kò mọ ààlà. Ó ti ara aṣọ dé ọrùn, ó ti ọrùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì gun iwájú orí. Nígbà tí Ọlágòkè gba àwòrán rẹ̀ padà, ó jọ ìyá ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó wò ó títí, ó sì fẹ̀sọ̀ béèrè bóyá akọ ni ó bí tàbí abo.

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Àpọ́nlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí òsùn rẹ̀ ló lọ sí i, ó sì mọ̀ pé òsùn kọ́ ni yóò gbẹ̀yìn.

Ohun tó dùn ún jù ni pé òun gan-an ló yọ̀ nígbà tí àpótí náà dé. Kí àpótí tó dé, àgbò ìjà ni Ládòkun fi ń najú, àgbò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Má-kàn-mí. Má-kàn-mí ń jẹ èérí bàbà, ó ń jẹ ewé ẹ̀wà, ó ń lá iyọ̀. Ìkòkò aládùúgbò tó bá sì kàn fọ́, Ládòkun ni yóò rà á padà. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ jà, òfì olówó rẹ̀ a dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà náà ni ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Isaac ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ wá sí Ìsẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí. Nígbà tí yóò fi débẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti wọ inú èjìká, ó sì búra pé òun kò tún ru nǹkan kan mọ́ láyé òun. Ládòkun fún un ní àgbò àti aṣọ òfì díẹ̀, ó gba àpótí. Isaac jókòó tì wọ́n títí òjò fi dá, ó kọ́ Ládòkun ní iṣẹ́ náà, ó sì fa àgbò lọ. Ó sàn fún un, àgbò mọ ẹsẹ̀ rìn.

Lọ́jọ́ náà ọkàn Àpọ́nlé balẹ̀ débi pé ó gún iyán láìjẹ́ ọjọ́ ọdún. Ó ní Ọlọ́run ṣeun, ọkọ òun ti rí ohun mìíràn fi najú, àpótí kì í sì í jẹun.

Àpótí ń jẹun. Dígí ló ń jẹ, láti Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń rù ú wá. Ó ń jẹ ìwé, ó ń mu oògùn oríṣiríṣi. Omi tí Ládòkun fi ń ṣan àwòrán kan ṣoṣo tó àmù kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, tí àwọn obìnrin bá ń jí lọ du omi lọ́nà jíjìn, Àpọ́nlé a pọnmi dé, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó tó yíjú padà, omi ọbẹ̀ ti di omi àwòrán.

Orí dígí ni àwòrán kọ́kọ́ ń bọ́ sí, òdì ló sì máa ń wà níbẹ̀. Ohun tó dúdú a mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tó funfun a sì dúdú. Ìgbà tí Ládòkun bá fi dígí lé ìwé nínú oòrùn ni ohun gbogbo ń padà sí àyè rẹ̀. Dígí tó bá bàjẹ́, Àpọ́nlé kò jẹ́ kó sọ ọ́ nù, ó ní ohun tó wọ́n tó báyìí kò gbọdọ̀ rí ààtàn. Ó ní kó fi amọ̀ mọ wọ́n sójú fèrèsé ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé náà ṣe kún fún gbogbo àwọn tó mira nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó sín, orí méjì ló ní títí dòní.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó yìí dé abẹ́ igi níwájú ilé lọ́jọ́ kan. Ìyápọ̀ tó fẹ́ràn ayò tilẹ̀ ní kí wọ́n má wulẹ̀ jiyàn, òun ni fàájì òun kò náni ní nǹkan kan: igbó ni òun ti ṣa ọmọ ayò, bàbá bàbá òun ló sì gbẹ́ ọpọ́n. Ògúndìran ọdẹ ní òótọ́ ni pé ẹ̀tù ìbọn wọ́n, ṣùgbọ́n òun ń fi ẹ̀tù lọ, òun sì ń gbé ẹtu bọ̀.

Ládòkun ní, “Ẹtu tí o pa lẹ́ẹ̀rùn èṣí dà?”

“A ti jẹ ẹ́.”

“Ó dáa. Ẹni tí mo yà lẹ́ẹ̀rùn èṣí ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́.”

Àpọ́nlé ń kọjá lọ pẹ̀lú omi lórí. Ó dúró. “Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn, Bàbá Ṣubúọlá. Àgbò ń jẹ ewé, bó bá darúgbó, àwa náà a jẹ àgbò. Bí àpótí yín bá darúgbó, ta ni yóò jẹ ẹ́?”

Ògúndìran rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Ládòkun ní òun máa dáhùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúró dè é. Ó lọ sọ́run láìtíì rí èsì náà.

Nígbà tí ogun àwọn òyìnbó àti Jámánì bẹ̀rẹ̀, dígí di ohun tí ojú ń wá. Èyí tó bá dé, owó gegere ni. Ládòkun ta ìbọn rẹ̀, ó ta àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Àkókò yìí gan-an ni ìgbéyàwó Ṣubúọlá, ọmọ wọn, ń sún mọ́lé. Òwú àlàárì kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ Àpọ́nlé, ojúlówó tí àwọn Gàmbàrí oníṣòwò ń gbé la ilẹ̀ iyanrìn kọjá nígbà kan, tí kò sì wá mọ́. Ìyá rẹ̀ ló fún un. Aṣọ ìyàwó Ṣubúọlá ni yóò fi ṣe, kò sì sí òmíràn. Bí Ládòkun bá ti kọjú sí ìhà ibi tí apẹ̀rẹ̀ wà, àyà Àpọ́nlé a já.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, alárùú kan ti ọ̀nà Ọ̀yọ́ dé, ó sọ àpótí dígí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àpọ́nlé yí padà wọlé. Ó lọ tààrà sídìí apẹ̀rẹ̀, ó ṣí i. Òfìfo ni.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá. Ó rò ó pé aṣọ wo ni ọmọ òun yóò wọ lọ sílé ọkọ, ó sì rò ó pé òun kò ní lè dárí èyí ji Ládòkun, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ara rẹ̀ fi bà á. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó wá a lọ.

Kò sí nídìí òfì rẹ̀. Ìyápọ̀ ń ta ayò níwájú ilé tirẹ̀, kò sì gbójú sókè wò ó. Ẹni tó máa ń kí ènìyàn títí ènìyàn fi ń sá fún un ni Ìyápọ̀. Àpọ́nlé kọjá lára rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì gbọ́ ìró òfì. Ládòkun ló jókòó níbẹ̀, tó ń ju ọ̀kọ̀ òwú lọ, tó ń jù ú bọ̀. Àlàárì ló wà lójú òfì náà, pupa yòò, ó ti gùn tó ibi tí aṣọ ti ń ká jọ.

Àpọ́nlé fọwọ́ ti ògiri. Ó ní, “Dígí ńkọ́? Kí lẹ tà?”

“Agbádá ẹtù mi.”

“Èyí tí ẹ fi ń lọ kírun Iléyá?”

“Ìyá Ṣubúọlá, ta ló ń wo ayàwòrán? Abẹ́ aṣọ dúdú ni orí mi ń wà. Bí mo wọ agbádá, bí mi ò wọ̀ ọ́, bákan náà ni.”

Àpọ́nlé béèrè ìdí tó fi wá fara pamọ́. Ládòkun ní bó bá jẹ́ pé ilé ni òun ti ń hun ún, Àpọ́nlé ì bá dúró lé òun lórí máa ka òwú. Òótọ́ ni. Ẹ̀rín bá gbé Àpọ́nlé, ara sì tù ú, ó jókòó sórí àpótí tó wà nítòsí, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Láyé rẹ̀ kò tíì fẹ́ràn ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ládòkun ní kó rọra, pé orí ẹrù àwòrán ló jókòó lé. Ó ti gbé e wá láti ya aṣọ náà bó bá parí. Ó tò ó kalẹ̀, ó fi ọwọ́ Àpọ́nlé lé ìdérí ojú àpótí náà, ó ní kó ṣí i, kó mí kanlẹ̀, kó dé e padà. Ó padà sídìí òfì. Àpọ́nlé ṣí i. Ó mí kanlẹ̀. Ó dé e.

Nígbà tí dígí náà jáde, ojú Ládòkun wà, àlàárì wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì kò sí níbì kankan.

“Ọwọ́ mi dà?”

“Ẹ̀ ń hunṣọ. Ta ló ní kí ẹ máa hunṣọ?”

“Ahunṣọ tó káwọ́ gbera, kí là ń yà á fún?”

Ó ní ó ti bàjẹ́, pé kò tó ohun tí à ń fi ìwé ṣòfò lé lórí. Ó mọ ọ́n sójú fèrèsé ilé ìdáná, síhà ìlà oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá olórí méjì. Ṣubúọlá wọ àlàárì lọ sílé ọkọ, aṣọ náà sì pọ́n lójú gbogbo ayé. Nínú àwòrán ìgbéyàwó, ó dúdú. Kò sẹ́ni tó bínú, àfi Ọlágòkè tó wá wò ó, tó béèrè bóyá òsùn ti tán nílé ni.

Àìsàn tó jà nígbà tí ogun parí ló mú Ládòkun lọ, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn rere mìíràn. Ó ti ya ìdajì ìlú. Nígbà tí Ṣubúọlá wá àwòrán bàbá rẹ̀ títí, kò rí ìwé kan tí ojú rẹ̀ wà. Àpọ́nlé bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé bó bá yá, òun náà yóò gbàgbé bí ojú náà ṣe rí.

Wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ilé ìdáná láti nu fèrèsé, nítorí èéfín oúnjẹ àlejò ti bò ó. Ọyẹ́ ti dé, oòrùn sì ń yọ bọ̀ ní pupa bó ṣe máa ń yọ nígbà ọyẹ́. Ó fi àkísà nu bàbá olórí méjì. Ó nu èyí tó tẹ̀ lé e.

Ojú Ládòkun ló wà níbẹ̀. Ibi tó dúdú lára rẹ̀ ti mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú rẹ̀ wọlé, ó sì ń gba ara aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, àlàárì tí àpótí kò fi ìgbà kankan mọ̀. Oòrùn ọyẹ́ kún inú aṣọ náà, ó là á kọjá, ó sì bọ́ sára ògiri ní pupa.

Àpọ́nlé gbé àkísà sílẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé.

Ó ní, “Bàbá Ṣubúọlá, ó ti pọ́n o.”