Ìlà Kẹtàlá Tó Wá Láti Èrínjẹ

Mi ò mutí rí, ibà kò sì mú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo tètè sọ ọ́, torí mo mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ bí mo bá dé ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ojú mi ló rí i. Ọ̀sán gangan sì ni.

Nígbà náà, kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun àpéwò ní Òkìtìpupa, kò sì tíì sí fóònù alágbèéká. Abẹ́òkúta ni mo ti wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo pupa kan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì la ní: ọ̀kan wà lórí tábìlì mi, èkejì wà ní Èrínjẹ, nínú ilé kékeré tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ tó bá kó ẹyìn dé láti oko.

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ fún ìwọ̀n yẹn ní àṣìṣe kan tí mi ò rí mú. Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, á dojú rú lọ́la. Òjò sì ti ba ọ̀nà Èrínjẹ jẹ́, mi ò lè máa gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ni mo bá ṣètò ìdánwò tí yóò máa ṣe ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ mi á gba wáyà tẹlifóònù pàṣẹ fún ti Èrínjẹ pé kó gbé ètò náà rìn ní ìgbésẹ̀ méjìlá, kó dúró níbi kọ̀ọ̀kan tí mo fura sí, kó sì kọ ohun tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìgbésẹ̀ méjìlá, ìlà méjìlá.

Bàbá Máyọ̀wá ló ń ṣọ́ ilé ìwọ̀n náà, àgbàlagbà ọmọ Èrínjẹ kan tí kì í pariwo. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì wà nítòsí wókí-tókí tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́, ìlà méjìlá. Ìkejì, méjìlá. Ìkẹta ń jáde lọ́wọ́, òjò ń lu páànù lórí mi. Mo rí ìlà kejìlá, mo nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà.

Ìlà kan tún jáde.

AGBAGBA O TI PE MAA BO

Ẹ gbà mí gbọ́, mo yẹ ìdánwò náà wò látòkè délẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni mo ní kó máa kọ wá. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan nínú rẹ̀.

Mo gbé wókí-tókí. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà?”

“Rárá o, ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mò ń wo òjò.”

“Ta ló wà nínú ilé?”

“Kò séèyàn. Kí ló dé?”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n mo kà á fún wọn. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í kọ àmì ohùn, bí mo ṣe rò ó ni mo ṣe pè é: “Àgbàgbà, ó ti pẹ́, máa bọ̀.” Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Mi ò mọ àwọn àgbàgbà tí wọ́n ń pè.”

Bàbá tẹ bọ́tìnnì wókí-tókí tiwọn. Mo ń gbọ́ òjò ọ̀dọ̀ wọn, mo sì ń gbọ́ èémí wọn.

“Kì í ṣe àgbàgbà,” wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Àgbagbà ni. Bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.”

“Ta ni, Bàbá?”

“Ṣé ó jọ pé inú ń bí i?”

Kí n tó lanu, ohùn wọn já. Láìpẹ́, wáyà Èrínjẹ náà já.

Awakọ̀ kan tó ń dúró kí wọ́n wọn ẹrù rẹ̀ ló rí wọn gbẹ̀yìn. Ó ní Bàbá pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé òun lọ́wọ́, wọ́n sì wọ inú oko ọ̀pẹ lọ nínú òjò, wọ́n ń yára bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Àwọn ọdẹ àti àwọn ọmọ ìjọ wọn wá wọn títí dé ìhà Igbódìgò. Bàtà wọn nìkan la rí, nídìí ọ̀pẹ kan, ẹsẹ̀ méjèèjì wà létí ara wọn, bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Kò sílé níbẹ̀ o. Igbó ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Máyọ̀wá, ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Igbótako, wá bá mi lọ́fíìsì. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, mo fi ìwé tí mo tẹ̀ jáde hàn án. Ó fi ìka tọ ìlà kẹtàlá yẹn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

“Màámi nìkan ló ń pe Bàámi bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Àwa ọmọ ò tó bẹ́ẹ̀. Ó ti di ọdún kẹta tí a sin wọ́n. Wọn ò sì fojú kan kọ̀ǹpútà rí láyé wọn.”

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó fẹnu sún mọ́ etí mi. “Àǹtí, ẹ tún ìdánwò yẹn ṣe. Ẹ jọ̀ọ́. Kí n ṣáà mọ̀ bóyá Bàámi ti dé ọ̀dọ̀ wọn.”

Mo ní wáyà ti bàjẹ́. Irọ́ ni mo pa, Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí èsì bá wá ńkọ́? Bí ìyá yẹn bá ní ọkọ òun ò tíì dé, pé òun kọ́ ló pè é?

Mo pa ìdánwò náà rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kí oṣù tó parí, mo ti padà sí Abẹ́òkúta. Àwọn kan ní wáyà ló lọ́ mọ́ra wọn, àwọn kan ní aláwàdà kan ló wà nídìí ẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ta la rán, ta ló gbọ́, ta ló ka orúkọ náà sétí bàbá yẹn? Èmi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Iṣẹ́ tí ẹ ò bá mọ ẹni tó rán an, ẹ má jẹ́ ẹ.