Shuaib àti Kọ́kọ́rọ́ Aago Márùn-ún

Inú máa ń bí mi tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ Shuaib, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi Bàrákàt ni mò ń bójú tó búrẹ́dì tó ń jáde nílé iṣẹ́ wa ní Orílé-Agége. Shuaib, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, kò sí àárọ̀ kan tí aago márùn-ún lù tí kò bá a níwájú kọ̀ǹpútà yẹn. Òjò o, Iléyá o, ibà o.

Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe kò ṣòro. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì wa, ní Maryland àti Onígbòǹgbò, máa ń ṣí ojú òpó ilé iṣẹ́ wa sórí fóònù wọn. Bí búrẹ́dì bá ṣe ń jáde nínú ààrò, sáfà, ìyẹn ètò tí Shuaib tò sínú kọ̀ǹpútà náà, ni yóò ta gbogbo wọn lólobó lẹ́ẹ̀kan náà, pé ó ti jáde o, pé ó ku iye báyìí. Tó bá fi lè dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú péré, wọ́n ti gba ilé iṣẹ́ mìíràn lọ. Sáfà yìí ní kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe irin, ọ̀rọ̀ gígùn kan ni tí ojú òpó gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó dá a lóhùn. Aago márùn-ún àárọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà máa ń kú, Shuaib nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi tuntun síbẹ̀, inú yàrá kọ̀ǹpútà nìkan ló sì ti ṣeé ṣe. Ó ní bí àwọn òyìnbó ṣe dá a nìyẹn.

Irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ikú sí kọ́kọ́rọ́ náà. Làsísì, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Computer Village, ti kìlọ̀ fún un pé oníbàárà tí o bá tún nǹkan rẹ̀ ṣe pátápátá, o ò ní rí i mọ́. Wọ́n máa ń fi ohun kékeré kan sílẹ̀ láìṣe ni. Shuaib sì ti rí bí wọ́n ṣe ṣe Reuben tó kọ ojú òpó wa: ó parí iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní kó máa lọ ní Jímọ́ọ̀. Ẹ̀rù bà á.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rù fà. Wọn ò lé e. Alàájì Dàwódù, ọ̀gá wa, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ra fóòmù àti fáànù sí yàrá kọ̀ǹpútà, kó lè máa sùn síbẹ̀. Ọjọ́ tí Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ bímọ, inú yàrá yẹn ló ti gbọ́. Ó ti kó sínú àgò tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun.

Lóṣù kejì ọdún yìí ni àìsàn dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tọrọ ọjọ́ méjì. Alàájì ní àwọn ò kọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe ti kọ́kọ́rọ́? Ó sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń bọ̀. Mo ní kó kọ́ mi, ó jágbe mọ́ mi, Shuaib tí kì í gbójú sókè wò mí. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá ti wo inú sáfà náà yóò rí ohun tó ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àbúrò rẹ̀ Kaothar pè é pé bàbá ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, orúkọ Shuaib nìkan ni wọ́n ń pè. Mo bá a lórí ìjókòó, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí Bàrákàt, èmi ni mo fi síbẹ̀."

"Kí lo fi síbẹ̀?"

Ó fi ìka tọ́ka sí i lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà ọ̀rọ̀ kan péré ló ń pa kọ́kọ́rọ́ náà láràárọ̀. Ó pa á rẹ́, ó pa sáfà, ó tún un tàn. Kò tó àsìkò téèyàn fi ń bu omi mu. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń yún mi láti fọ́ ọ létí. Mo ní kó dìde kó máa lọ, èmi ni màá dá Alàájì lóhùn.

Aago mẹ́wàá ni bàbá jáde láyé. Wọ́n sin wọ́n lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá Shuaib dúró lọ́nà, ó dé nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àlásàrí. Ó bi wọ́n pé ṣebí òun pè láti ojú ọ̀nà, kí ló dé tí wọn ò dúró de òun. Kaothar ní àwọn rò pé bó ṣe máa ń sọ pé òun ń bọ̀ náà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago márùn-ún lù. Búrẹ́dì jáde, ìròyìn lọ, àwọn ará Maryland dáhùn. Alàájì kọjá níwájú yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tilẹ̀ yọjú wo inú rẹ̀. Aago méje, fóònù mi dún.

"Àǹtí, ṣé wọ́n béèrè mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní láti àárọ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ti ń béèrè rẹ̀, pé Alàájì gan-an ò lè jókòó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n, òun á wọkọ̀ padà lónìí. Bàbá ò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta nínú ilẹ̀. Mo ní kó dúró, ó ti pa fóònù.