Ewé Kẹrìnlá

Obìnrin kan, Khiroda, ló ń já ewé tà ní abúlé wa, ṣùgbọ́n ewé kan ló sọ ọ́ di olókìkí: ṣuṣuní, ewé inú omi tí kì í tanná, tí kì í so, tí ewé mẹ́rin máa ń pagbo lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹni tí oorun kọ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Á ní kí wọ́n fi òróró àti aáyù dín in, kí wọ́n fi jẹ ìrẹsì lálẹ́. Fún ẹni tí wárápá ń ṣe, á gún ewé náà, á po oje rẹ̀ mọ́ wàrà.

Wọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Khiroda, ìwọ tó ń ta oorun, kí ló dé tí ojú tìẹ pọ́n bí ata?”

Á kàn máa di ewé rẹ̀ lọ. Parul, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kú sínú adágún omi ẹ̀yìn ilé wọn níbi tó ti ń já ṣuṣuní. Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún òrìṣà Kali ni, ọjọ́ tí àwọn òkú ń padà wálé. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ilé ní í se oríṣi ewé mẹ́rìnlá pọ̀, tí wọ́n ń tan àtùpà mẹ́rìnlá, kí òkú má baà wọlé bá alààyè. Láti ìgbà náà, mẹ́tàlá ni Khiroda ń sè. Oko ìrẹsì tó jìnnà ló ti ń já ṣuṣuní tó ń tà, kì í sì í sè é nílé lọ́jọ́ náà. A rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Lọ́dún kọkànlá, Minoti, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bímọ. Ọmọ tuntun ń ké tọ̀sán tòru, ìyá rẹ̀ kò sùn fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí ọjọ́ ewé pé, ó ka èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń gé.

“Ìyá, mẹ́tàlá lèyí.”

“Ó tó.”

“Kò tó o! Ọmọ ọwọ́ wà nílé. Àbí adágún yẹn ṣì ń bà yín lẹ́rù ni?”

Khiroda dáwọ́ dúró. “Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀rù ń bà mí? Bí mo bá sè é pé, ibo ni Parul máa gbà wọlé?”

Minoti gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi ṣì wà láàyè.”

Khiroda dìde. Ó wọ adágún dé orúnkún, ó já ẹ̀kúnwọ́ kan. Gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà òun pẹ̀lú jẹ ẹ́. Àtùpà kò tíì jó tán tí oorun ọdún mọ́kànlá fi gbé e lọ.

Oòrùn ti ga kó tó jí. “Ṣé ẹnì kankan pè mí?”

“Rárá, Ìyá. Gbogbo wa la sùn.”

Ó bu ewé tó ṣẹ́kù sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé e lọ sétí adágún. Mo ń fọ ẹsẹ̀ lódìkejì, mo sì gbọ́ ọ. “O ò ní lè wọlé mọ́. Má bínú. Èmi ni n óò máa wá.”

Ó jókòó síbẹ̀ dọ̀sán. Ojú rẹ̀ kò pọ́n mọ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí omi.